Ibi Tí Màmá Máa Gbẹ́sẹ̀ Lé

Bí mo bá ti gbóòórùn àlòkù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀sán kan nílé wa ní Ìtòkú ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé láti Ewékorò, eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà ní ìpéǹpéjú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ha ìpẹtà ilẹ̀ ọkọ̀ wa àtijọ́.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ sinmi,” ni màmá mi wí láti orí ẹní.

“Bí mi ò bá dí ihò yìí, ẹrẹ̀ á máa ta sí ẹ lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n fi páànù dí i, wọ́n kùn ún, wọ́n fi ọ́ìlì pa abẹ́ ọkọ̀. Inú mi ń dùn pé a fẹ́ lọ ṣọdún nílé ìyá màmá mi ní Papalanto. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé màmá mi ló ní kí wọ́n gbé òun lọ kú síbẹ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń dúró kí ọ̀dà náà gbẹ.