Ẹ̀dà Odidi fún Kọ̀ǹpútà Ìyá Bájì

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn yìí ló kọ́kọ́ wọ etí Ìyá Bájì láyé, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ti ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí, lórí ìrépé aṣọ, ibẹ̀ ló sì ti ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fẹ́ kán, ohùn á yí padà: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ á di tá, tá, tá. Ẹsẹ̀ á dúró. Ìyá rẹ̀ á ní, "Etí la fi ń ránṣọ, ọmọ mi. Ojú kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni."

Ọmọ orí ìrépé aṣọ yẹn ti ní ewú lórí báyìí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ló ṣì ń ṣe, àmọ́ bájì ni tirẹ̀, àwọn bájì olówùú tí wọ́n ń rán mọ́ àyà aṣọ ọmọ ilé ìwé, aṣọ nọ́ọ̀sì àti aṣọ ẹ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ìyá Bájì, débi pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé máa ń béèrè pé ọmọ rẹ̀ wo ló ń jẹ́ Bájì.

Nínú pálọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń rán bájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì ìjẹun tí ẹnì kankan kò jẹun lórí rẹ̀ mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà yìí ló ti ń ya àwòrán: ẹyẹ, ìwé, àtùpà, kọ́kọ́rọ́. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ àwòrán di ojú abẹ́rẹ́, á sọ fún ẹ̀rọ pé kó gún ibí, kó fo ibẹ̀, kó pààrọ̀ òwú. Ìyá Bájì á wá fi fúláàṣì gbé iṣẹ́ náà láti orí tábìlì lọ sídìí fèrèsé. Ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ búrẹ́dì, máa ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, á ní, "Àlejò ni mo jẹ́ nínú pálọ̀ tí mo fi owó ara mi kun ní ọ̀dà."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, tíì wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó dédé gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́?"

"Kí ni n ó gbọ́?"

"Abẹ́rẹ́ kan fẹ́ kán nínú kọ̀ǹpútà yìí."

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà. "Abẹ́rẹ́ wo ló dé inú kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ ṣáà pa ẹnu mọ́, kí ẹ gbọ́."

Tá. Ó dákẹ́. Tá, tá. Ohùn kékeré bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Ọkọ rẹ̀ kò fi í ṣàwàdà mọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò Ìyá Bájì dé. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni, ní ilé ìwé girama kan tí kò jìnnà. Kò tiẹ̀ bọ́ bàtà tán tó fi fi etí lé e. Ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, etí yín kò parọ́. Dísìkì inú rẹ̀ ló ń kú lọ. Ara rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ní wà. Ó lè lo oṣù kan sí i. Ó sì lè má rí ọ̀la."

"Bá mi kó àwọn bájì mi jáde kíá."

"Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ètò tí ẹ fi ń yà wọ́n ńkọ́?"

Ìyá Bájì jókòó. Kò tíì ronú débẹ̀. Ètò náà ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé, àwo sídíì tí wọ́n fi tà á sì fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wá sílé yìí. Kò ṣeé dà kọ bí èèyàn ṣe ń da lẹ́tà kọ, torí ó ti ta gbòǹgbò káàkiri inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gé e lórí, ewé nìkan ló máa mú lọ. Àwọn ètò tuntun kò sì lè ka àwòrán rẹ̀ àtijọ́. Bí dísìkì bá kú, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kú, ọwọ́ gan-an ló kú. Ilé ìwé sì ń múra àtiwọlé. Bájì ẹlẹ́yẹ ti àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀dà odidi," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn. "A kò ní ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. A ó da gbogbo dísìkì kọ bó ṣe rí, tòun ti ètò, tòun ti gbòǹgbò, títí kan ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èyí bá kú, a ó tú ẹ̀dà yẹn sínú dísìkì tuntun, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé òun kú rí. Àwọn ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pọ̀ bí yanrìn."

"Èwo ló dáa nínú wọn?"

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà."

Wàhálà náà kò pẹ́ dé. Ọmọbìnrin wọn pè láti ọ̀nà jíjìn, ó ní kí Mọ́mì má da ara wọn láàmú, kí wọ́n ṣáà kó gbogbo rẹ̀ sórí àwọsánmà.

"Àwọsánmà kẹ̀?" Bàbá ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí òjò bá wá rọ̀, ṣé bájì ni yóò máa já lù wá lórí?"

"Dádì! Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló máa wà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yìí? Èyí tí fọ́tò ọmọ rẹ fi gbogbo àárọ̀ wọlé, tó fi jẹ́ pé orí ló kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ dé lọ́sàn-án?"

Ọ̀rọ̀ àwọsánmà parí síbẹ̀.

Nígbà tó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ilé, Ìyá Bájì ní òun fúnra òun ni yóò yàn. Bó ṣe ń yan òwú náà nìyẹn. Kì í gbọ́ tẹni tó ń tà á. Á rẹ òwú sómi, á fi aṣọ funfun nù ún bóyá á ṣí, á fà á bóyá á já. Àbúrò rẹ̀ gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún un, olúkúlùkù sì gba orúkọ ní ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èkíní ń jẹ́ Olójú-Ẹgẹ́. Ojú rẹ̀ dùn ún wò, ó láwọ̀ bí aṣọ ìkélé, ó ń kí èèyàn káàbọ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbówó lórí. Ìyá Bájì fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀fẹ́ ni dídà nǹkan kọ, owó ni gbígbà á padà.

"Á gba ẹrù mi pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, á wá tà á padà fún mi? Kí ló yàtọ̀ sí olè, àfi pé èyí ń kí mi káàbọ̀?"

Èkejì ni àyànfẹ́ àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, lẹ́tà funfun ló wà níbẹ̀, kò sí àwòrán kankan. Ìyá Bájì sọ ọ́ ní Abìjàwàrà.

"Ó lágbára, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọ̀gá ló ń lò ó."

"Ibo ni mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

"Wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó kọ orúkọ dísìkì tí ẹ fẹ́ dà kọ, ẹ ó wá kọ orúkọ èyí tí ẹ fẹ́ kó o sí."

"Bí mo bá wá kọ ti iwájú sẹ́yìn ńkọ́?"

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú rẹ̀. "Á da òfìfo lé orí ohun tó kún."

"Láì bi mí léèrè?"

"Kì í béèrè."

"Ó ti ṣe ọ́ rí?"

Awò ojú yẹn kò mọ́ bọ̀rọ̀. Bàbá fi ẹ̀yìn ti àga, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àna mi, ẹni tí kò dáhùn ti dáhùn!"

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìwé ìdánwò ọmọ kíláàsì kan ni," ni àna rẹ̀ fèsì jẹ́jẹ́. "Inú àwọn ọmọ náà dùn."

Ẹ̀kẹta kò ní ẹwà, kò ní ariwo. Àwọ̀ eérú ni ojú rẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ń bi èèyàn: kí lẹ fẹ́ kí n dà kọ? Ibo ni kí n gbé e sí? Bí mo bá parí, ṣé kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé? Ó sì lè ṣe fúláàṣì kan tí wọ́n á fi jí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí kò bá lè jí fúnra rẹ̀. Ìyá Bájì pè é ní Jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní ẹni tó ń béèrè kó tó gé aṣọ, òun ni télọ̀. Ó yàn án. Àbúrò rẹ̀ ní òun á padà wá lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́ kejì kí àwọn jọ ṣe é.

Àmọ́ dísìkì ń kàn tá, tá, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì náà, ara obìnrin yìí kò sì gbà á. Ó ṣí Jẹ́ẹ́jẹ́, ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ gbogbo. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ti di bájì ọwọ́ rẹ̀ sínú lílọ́ọ̀nù, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ ti ṣe é! Ibo lẹ gbé ẹ̀dà sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, nínú yàrá kejì dísìkì yẹn náà. Ṣé wọ́n ń ya àpẹẹrẹ nípá sí aṣọ ni?"

Òfin ìyá wọn ló tẹ̀ lé. Nínú iṣẹ́ wọn, bí bájì kan bá ti parí, pépà tí wọ́n fi yà á, nọ́ńbà òwú rẹ̀ àti aṣọ tí wọ́n fi dán an wò, pín-ìn-nì kan ṣoṣo ló ń so gbogbo wọn pọ̀. Àpẹẹrẹ kì í sùn jìnnà sí aṣọ. Látìgbà tó ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí bájì kan tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ inú ilé. Dísìkì kan náà ni. Tó bá kú, ẹ̀dà náà kú."

"Ṣùgbọ́n yàrá kejì ni mo fi í sí!"

"Iná tó jó yàrá kìíní," ni ọkọ rẹ̀ sọ, "ṣé á kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ìkejì?"

Ìyá Bájì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárín ẹ̀rín yẹn ni kọ̀ǹpútà ti kàn, tá tá tá tá, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síta.

Àbúrò rẹ̀ ti mú dísìkì méjì wá. Ọ̀kan wà nínú àpótí kékeré tó ní okùn, òun ni wọ́n fẹ́ kó ẹ̀dà sí. Èkejì ni wọn yóò fi rọ́pò aláìsàn. Wọ́n so alápòótí mọ́ kọ̀ǹpútà. Jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè, Ìyá Bájì dáhùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí aláboyún. Ó rìn kọjá ìdajì dáadáa. Ó wá dúró.

*Ojú ibì kan wà tí mi ò lè kà. Ṣé kí n fò ó?*

Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òfìfo. Ó lè jẹ́ ètò náà gan-an.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ sọ.

Ìyá Bájì na etí. Bó ṣe ń gbọ́ ọ yẹn, dísìkì náà kò lè pẹ́ mọ́ kó tó kú. Bí òwú bá já lójú kan, àgbà aránṣọ kì í tú gbogbo aṣọ. "Fò ó," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó dé òpin, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní òun ti parí. Bàbá ti fẹ́ pàtẹ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mi ò tíì gba aṣọ tí ẹnì kankan kò wọ̀ wò rí."

Wọ́n pa kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀ tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ aláìsàn jáde, ó fi tuntun síbẹ̀. Fúláàṣì tí Jẹ́ẹ́jẹ́ ti ṣe fún wọn jí i, ẹ̀dà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sínú ilé tuntun. Wọ́n mu tíì. Ìbẹ̀rù tí èèyàn ní fún ohun èlò máa ń ti èèyàn lójú, torí náà kálukú ń wo inú kọ́ọ̀pù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan án padà, kò sí tá kankan. Àwòrán àwọn ọmọ ọmọ ló kọ́kọ́ jáde lójú rẹ̀, bí àtẹ̀yìnwá. Ìyá Bájì tẹ ètò àtijọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró pẹ́. Ó ṣí. Ẹyẹ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti na ìyẹ́ síbẹ̀, gbogbo òwú rẹ̀ pé.

"Ó wọ̀ ọ́!" ni obìnrin náà kígbe. "Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́!"

Wọ́n ṣí àwọn àwòrán yòókù wò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò ṣí, bájì ẹlẹ́ja ti ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ kan tó ti tú ká tipẹ́.

"Ẹja ló bọ́," ni Bàbá wí. "Ó ti padà sódò. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu."

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ máa lọ, Ìyá Bájì gbé dísìkì alápòótí náà lé e lọ́wọ́. "Ilé tìẹ ni kó máa sùn. Bí Màmá bá bi mí lọ́run, n ó ní ìwọ lo ní kí n yà wọ́n nípá."

"Ẹ sọ fún wọn pé olùkọ́ ni mí."

"Wọ́n á béèrè ìwé ìdánwò lọ́wọ́ rẹ."

Ọkọ rẹ̀ sìn ín dé òpópónà. Ẹ̀rín wọn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń jìnnà lọ. Ìyá Bájì mú fúláàṣì láti orí tábìlì lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ki òwú búlúù bọ abẹ́rẹ́, ó na aṣọ sínú férémù, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, kó tó fa àga mọ́ra. Ó mú síṣọ́ọ̀sì kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrù òwú kúrò lẹ́yìn àwọn bájì tó wà nínú lílọ́ọ̀nù láti àárọ̀. Ó ń gé ọ̀kan, ó ń yí i padà, ó ń fi àtàńpàkò pa ìyẹ́ ẹyẹ lẹ̀, ó ń tò ó lé èkejì. Nígbà tó gé ti ìkẹyìn tán, ó gbọn òwú orí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó kó wọn padà sínú lílọ́ọ̀nù, ó sì so ó lẹ́nu.