Itọ́ tí mo tu níwájú ìyá mi

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ìyá mi ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlódè, ó ní kí n bá òun mú kànìnkànìn wá. Bí mo ṣe ká aṣọ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ sókè, mo rí ẹran pupa kan tó tó ẹyin, ó yọ láàárín itan rẹ̀. Àkísà tó fi ń tì í sókè wà nílẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, mo sì tutọ́. N kò mọ ìgbà tí mo tu ú. Ó rí mi lára, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá pè é ní nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù wà nínú ìríra náà, ìtìjú sì wà nínú ẹ̀rù.

Ìyá mi wo itọ́ náà, ó da omi lé e lórí. "Ilé ọmọ mi ló wálẹ̀," ó ní. "Ibẹ̀ lo gbà wáyé. Gbé kànìnkànìn sílẹ̀, máa lọ síbi iṣẹ́."

Láàbù, yàrá ìwádìí ìṣègùn, ni ibi iṣẹ́ mi, láti ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti parí tí mo sì jáde ní yunifásítì. Màá ra àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn alápatà ní Sábó, màá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀gá mi á wá gbin sẹ́ẹ̀lì, àwọn hóró ara ènìyàn, sára rẹ̀, bóyá lọ́jọ́ kan wọn á lè fi gbé ilé ọmọ tó wálẹ̀ ró. Òórùn ibẹ̀ burú ju ti àkísà lọ. N kò tutọ́ níbẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé awọ tí à ń ṣe ní láàbù ṣì wà nínú àwo ìdánwò, ṣùgbọ́n àwọn dókítà lè tún ilé ọmọ tirẹ̀ ṣe báyìí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí ò ń fọwọ́ fọ àpò ìtọ̀ ewúrẹ́, èmi lo wá rí tutọ́ sí?"

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn lọ́la."

"Kí n ṣí itan fún ọmọ ọlọ́mọ? Tí ọmọ tí mo bí bá tutọ́, àwọn yẹn á bì."

Látìgbà náà, kí n tó jí ló ti ń wẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àkísà rẹ̀ lórí okùn. Lánàá, ẹ̀jẹ̀ wà lára ọ̀kan. Èmi gan-an ni mo wá ń kó ara mi nírìíra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ti dójú ti ìyá yín báyìí rí, kí lẹ ṣe tó fi tún gbà kí ẹ tọ́jú òun?