Gọ́gùsì Tí Àlàájì Rà Fún Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo gíláàsì ojú bíi tèmi, ẹ jókòó kí n ròyìn fún yín bí mo ṣe fi ẹnu ara mi há ara mi mọ́nú gọ́gùsì fún odindi oṣù méjì.

Láàbù ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìbàfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mowé ni èmi àti màmá mi ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ sódà tí wọ́n fi ń po ọṣẹ wò, bóyá ó le jù tàbí kò le tó. Ẹ mọ sódà yẹn, kọ́sítíìkì! Tó bá kan ara, á jó o. Tó bá kan ojú, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dúró nídìí tábìlì láàbù láì wọ gọ́gùsì tó ń bo ojú yíká.

Wàhálà tèmi ni pé láti kékeré ni mo ti ń lo gíláàsì, ó sì nípọn bí ìdí ìgò. Ojú òsì mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ojú ọ̀tún nìkan ni mo gbójú lé. Gọ́gùsì pẹlẹbẹ tó wà ní láàbù ò gba orí gíláàsì mi rárá. Tí mo bá bọ́ gíláàsì, mi ò rí nǹkan kan. Tí mo bá wọ gíláàsì nìkan, Àlàájì, ọ̀gá wa, á lé mi jáde. Wọ́n ní gíláàsì dókítà kì í ṣe ti láàbù, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ sì ni sódà máa gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ní kí n lọ máa lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ike nìyẹn. Èmi tí mo kàwé gboyè!

Àlàájì ni ọ̀gá láàbù wa, bàbá àgbà kan báyìí, ọmọ Ifọ̀. Wọn kì í pariwo, tẹ̀sùbáà kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ wọn. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, Àlàájì pe gbogbo wa jọ, wọ́n mú páálí kékeré kan jáde. Wọ́n ní àwọn lọ sí Èkó, àwọn rí gọ́gùsì kan, àwọn ní ti Rúkà, ìyẹn èmi, nìyí, kó lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Lápò ara wọn ni wọ́n ti rà á o! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúà. Mo kúnlẹ̀. Níṣojú gbogbo wọn ni mo gbé e lé orí gíláàsì mi, mo fa okùn rẹ̀ kọjá lórí híjáàbù.

Yéè! Ó fún mọ́ mi lójú pinpin. Ó ti apá gíláàsì mọ́ mi lẹ́bàá etí, ó tẹ gíláàsì fúnra rẹ̀ mọ́ mi nímú. Àlàájì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bi mí bóyá ó bá mi mu.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ bá mi dáhùn! Bàbá tó dàgbà ju bàbá mi lọ ra nǹkan fún mi, àdúà ti wà lórí ẹ̀, kí n wá ní kò dáa? Mo ní, "Ó bá mi mu dáadáa, sà. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn."

Mo délé, mo sọ fún màmá mi. Kí n tó débi pé ó ń dùn mí, wọ́n ti gbé fóònù! Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún di ọsàn sínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n ní kí n gbé e fún Àlàájì. Ọpẹ́ ti di mẹ́ta. Báwo lèèyàn ṣe ń gba ọpẹ́ padà?

Láràárọ̀ ni Àlàájì máa ń dúró tì mí. Ṣé ó ń bá mi mu? Ó bá mi mu, sà. Ṣé kò ni mí lára? Rárá o, sà. Irọ́! Irọ́ funfun báláú! Kó tó di aago mọ́kànlá, orí á ti máa fọ́ mi bíi pé kó là. Èémí mi á ti bo gíláàsì, mi ò ní rí nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá tí a fi ń wọn omi mọ́, àfi funfun. Èyí tó wá burú jù ni pé apá gíláàsì mi ò jẹ́ kí etí gọ́gùsì náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àyè wà níbẹ̀ tí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀. Ó ń fún mi pa, kò sì tún dáàbò bò mí. Irú ìyà wo rèé?

Tósìn, tí a jọ ń lo tábìlì kan, ní kí n sọ ọ́. Mo ní kó dákẹ́, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n pè mí ní abara-mó-ore-jẹ ni? Tí mo bá sọ, ìdí lébẹ́ẹ̀lì ni mò ń padà sí. Tí mi ò bá sọ, orí fífọ́ á pa mí. Mo bá dọ́gbọ́n. Tí Àlàájì bá ti kẹ̀yìn, mo ti gbé gọ́gùsì síwájú orí, mo ti ka nọ́ńbà, mo ti dá a padà. Bí olè!

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeé kan, mo gbé e sókè báyẹn, mò ń ka nọ́ńbà lọ. Tósìn ń ṣí ike sódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbígbóná ló dé látibi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti há mọ́ ọn nínú. Bó ṣe yí ìdérí ẹ̀ báyìí, pàà! Ó tú jáde.

Gíláàsì mi gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀kán kan gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó bọ́ sójú ọ̀tún.

Mo lọgun! Àlàájì sáré dé. Omi ẹ̀rọ ń kán tó, tó lọ́jọ́ náà, ni wọ́n bá gbé kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n yọ gíláàsì mi, wọ́n fi ìka la ìpéǹpéjú mi, wọ́n ń da omi sí i. Tósìn ń sáré bu omi wá látinú dúrọ́ọ̀mù. Mò ń bẹ̀bẹ̀ pé ó tó, Àlàájì ń ní kò tíì tó. Híjáàbù mi rẹ gbindin. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: tí ojú yìí bá lọ, kí ló kù fún mi?

Ilé ìwòsàn ojú ní Mowé la gbà lọ. Dókítà ní omi yẹn ló gbà mí, àmọ́ ká ṣì máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ná. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ojú ọ̀tún mi ò ṣeé là. Ojú òsì ni mo fi ń wo Àlàájì, bàìbàì ni wọ́n rí. Wọ́n bi mí kí ló gbé gọ́gùsì dórí mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, látọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n ní, "Rúkà, o rò pé ọpẹ́ ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ láràárọ̀? Ojú ẹ ni mò ń bèèrè!" Mo bú sẹ́kún.

Alhamdulillah, ojú mi là padà. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, Àlàájì sì ní kò sẹ́ni tó máa bá mi ra gọ́gùsì lẹ́yìn mi mọ́. A jọ lọ sọ́jà ni. Mo wọ gíláàsì mi lọ. Mo dé gọ́gùsì lé e, mo tẹrí ba, mo mi orí, mo bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ títí kí n lè mọ̀ bóyá á fún mi, bóyá èémí mi á bò ó. Mo fìka wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wò ó pé ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ ní ìbòrí, kí omi má lè gba ibẹ̀ ta wọlé tààrà. Méjì ni mo kọ̀, níṣojú Àlàájì! Àyà mi ń já o, àmọ́ mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ló gba gíláàsì mi dáadáa. Dókítà tún ní wọ́n lè ṣe gọ́gùsì tó ní lẹ́ńsì tèèyàn gan-an nínú, ìyẹn ni mò ń wá báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ràn wa, tó bi wá bóyá nǹkan bá wa mu, òótọ́ ló fẹ́ gbọ́. Mo fi ìtìjú bo òótọ́ yẹn mọ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ kí bàbá tó fẹ́ràn mi gbé ẹ̀bi ojú mi wọ sàárè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ń fara dà níbi iṣẹ́ yín nítorí ojú ń tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "kò burú, a dúpẹ́" fún mi. Ibi tó ń dùn yín gan-an ni kí ẹ kọ.