Ìbọn lọ́dọ̀ mi, ẹ̀tù lọ́dọ̀ ìyàwó mi

Ìyàwó mi kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.
Láyé rẹ̀, ìbọn ọdẹ mi wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀tù wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lónìí, ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ láfún tí mo sá. Mo ki ìbọn.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń lọ sípàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbógun ti bọ́ǹbù núkílíà, dúró síwájú mi.

"Bàbá, ta ló ń tọ́jú ẹ̀tù báyìí?"
"Èmi náà ni."
"Ohun tí à ń sọ nípàdé nìyẹn. Kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá bọ́ǹbù jù."
"Ewúrẹ́ lásán ni mo fẹ́ yìn níbọn."
"Ẹni tó ni ín ló ń lé e bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yẹn."

Mo gbé ìbọn kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ, ta ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀tù?

Àlàbí, àkọ́bí mi, wá gbé ẹ̀tù tèmi lọ sílé rẹ̀ ní Jobele.