Igi Ápù Orí Bálíkónì

Mo rántí ọjọ́ tí mo ri ibi ọmọ mọ́ inú garawa. Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí, mo ti bá ara mi wí tán. Ènìyàn kì í ri ibi ọmọ mọ́ inú garawa, ilẹ̀ ni à ń rì í mọ́. Ṣùgbọ́n ojo ni mí, kò sì sí iṣẹ́ tí ìbẹ̀rù kò lè rán ojo.

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ ní ọsibítù kan ní Woolwich, nílùú ọba, ní nǹkan bí ọdún 2010. Bàbá ọmọ ṣì wà ní Èkó, ó ń retí físà. Wọn ò tíì wẹ ọmọ tán tí ìyá wa fi pè mí láti Ìjẹ̀bú: "Ibi ọmọ ńkọ́? Ìwọ ẹ̀gbọ́n ni kí o lọ gbà á. Ilẹ̀ ni kí o rì í mọ́ o, kí ọmọ yẹn lè mọ ibi tó ti wá. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ò bá mi jiyàn rárá, ó dì í sínú ike, ó gbé e fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tì í bọ àpò, mo jáde kíá.

Ibo ni màá wá rì í mọ́? Àjà kẹta ni mo ń gbé ní Thamesmead East. Ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, kọnkéré ni, èyí tí kì í bá ṣe kọnkéré, omi ni. Mo mú ṣọ́bìrì kékeré, mo kọrí sí àbàtà Crossness ní ọ̀sán gangan, torí mo mọ̀ pé òórùn ilé iṣẹ́ ẹ̀gbin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èrò pọ̀. Àwọn ẹṣin tó ń jẹko níbẹ̀ gbórí sókè, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jẹ́rìí. Ibi tí mo ti ń wá ojú ilẹ̀ tó rọ̀ ni ajá kan ti sáré dé, ó ti imú bọ àpò mi. Olówó rẹ̀, òyìnbó kan tí ojú ń tì, ń tẹ̀lé e.

"Má bínú, ọ̀rẹ́. Kí lo gbé síbẹ̀ tó fẹ́ràn tó báyìí?"

"Ẹran ni," ni mo wí.

"Háà, á dùn o!"

Ó kọjá lọ. Mo wá ronú pé bí ajá bá lè gbóòórùn rẹ̀ báyìí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á hú u, ọlọ́pàá á wá ta àgọ́ funfun yí ibẹ̀ ká bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wá béèrè adúláwọ̀ tó gbé ṣọ́bìrì. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ọjà Woolwich ni mo ti ra garawa ńlá, yẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá, àti igi ápù kékeré kan tó gbẹ bí igi ìfọyín. Mo ṣe bísímílà, mo ri ibi ọmọ mọ́ inú garawa lórí bálíkónì mi, mo gbin igi lé e.

"Mọ́mì, mo ti rì í o."

"Ilẹ̀ ọ̀hún dáa?"

"Ó dáa gan-an, mà."

N ò sọ fún wọn pé ilẹ̀ ọ̀hún ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e.

Ọmọ dàgbà, ó wọ ilé ìwé. Igi náà dàgbà, ó so, ọmọ sì ń jẹ ẹ́ láìmọ nǹkan kan. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí tíṣà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa àwọn tó ni ilẹ̀ wọn kí òyìnbó tó débẹ̀, ní Australia, ní Canada, ní New Zealand. Bó bá ti délé, á ní, "Uncle, odò kan wà tó jẹ́ bàbá àgbà àwọn èèyàn, o mọ̀?" Màá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," bọ́ọ̀lù ni mo ń wò.

Ọjọ́ tí àlejò fẹ́ wá bá kíláàsì wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ẹbí wá gbọ́. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó bá rán èmi. Àlejò náà jẹ́ ìyá àgbà kan, ọmọ ẹ̀yà Máórì láti New Zealand, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kò kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ fún wa. Ó kọjú sí fèrèsé, ó fi èdè wọn kí òkè kan, ó kí odò kan, ó kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn baba ńlá rẹ̀ wá, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ló tó dárúkọ, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ìyẹn ò tó nǹkan. N ò gbọ́ èdè náà àfìgbà tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa, àmọ́ orí mi ti wú. Mo mọ ohùn yẹn. Bí ìyá bàbá mi ṣe ń kì mí láàárọ̀ nìyẹn: ìlú ló ń kọ́kọ́ dé, odò á tẹ̀lé e, ìdọ̀bálẹ̀ á ti sú ọ kí wọ́n tó kan ìwọ alára.

Ó ní kí àwọn ọmọ náà sọ odò tiwọn. Ọmọ kan ní, "Odò tèmi ni odò àfọwọ́gbẹ́ ẹ̀yìn ilé wa, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń rajà wà nínú rẹ̀." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti kí i rí?"

"Rárá."

"Kí i lónìí. Ó ti ń rí ọ tipẹ́."

Ó wá sọ pé lọ́dọ̀ tàwọn, bí wọ́n bá bímọ, ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n ń ri ibi rẹ̀ mọ́, kí ọmọ náà lè mọ ibi tí òun lè dúró sí láyé. Ẹnu yà mí. Ìpẹ̀kun ayé ni ibẹ̀ yẹn! Ta ló gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi láti Ìjẹ̀bú débẹ̀?

Àfi bí ọmọ àbúrò mi ṣe yíjú padà: "Uncle, Grandma ní ìwọ lo rì tèmi. Ibo ló wà?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ti ń fojú inú rí àwọn Social, àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn wa bọ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Mo fẹ́ purọ́, àmọ́ ojú ọmọ náà ò kúrò lára mi.

"Inú garawa ni. Igi ápù orí bálíkónì mi."

"Yuck! Ó ń jẹ ápù yẹn!" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo. Ọmọ wa fà mí lápá aṣọ:

"So, inú garawa ni mo ti wá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀bẹ lọ. Ìyá Máórì wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Igi tó bá wà nínú garawa, ilẹ̀ ló ń dúró dè." Tíṣà ní àyè wà nínú ọgbà ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo wọ́ garawa débẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi ṣíbí gbẹ́ ihò, ọwọ́ gbogbo wọn kún fún ẹrẹ̀. Ìyá Máórì wà níbẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ọmọ wa dúró létí ihò. Èmi di ọwọ́ garawa mú, n ò lè jù ú sílẹ̀. Mo pe ìyá mi, mo ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa máa gbọ́, mo jẹ́wọ́.

"Garawa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Igi ọ̀hún so?"

"Ó so, mà. Ọmọ yín ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́mì, ilẹ̀ ìjọba lèyí, kì í ṣe tiwa. Ẹ̀rù ń bà mí."

Igi náà ti ga ju fẹ́ńsì lọ báyìí. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ, bí bọ́ọ̀sì wa bá sì ń kọjá níbẹ̀, á gbójú kúrò lórí fóònù, ètè rẹ̀ á mì díẹ̀, n kì í béèrè ohun tó ń wí. Èmi tí mo ń fi iwájú orí kanlẹ̀ lójoojúmọ́ lórí ìrun, ilẹ̀ kan náà ni mo ń sá fún. Ohun tó tú ọwọ́ mi lára garawa lọ́jọ́ náà ni ohùn ìyá mi nínú fóònù, níwájú gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn:

"Èwo ni tiwa? Èyí tí a ri tìrẹ mọ́, ta ló sọ fún ọ pé tiwa ni? Àlejò ni bàbá bàbá rẹ nígbà tó débẹ̀. Ó kí ilẹ̀, ó tọrọ rẹ̀, wọ́n sì fún un. Gbọ́wọ́ kúrò lára garawa, jàre. Kí ilẹ̀, kí ọmọ mi lè délé."