Orúkọ Wa Nínú Ìwé Ìjọba

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a jọ lò kẹ́yìn, ìyàwó mi ń di irun ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ọ̀kà. Kùrukùru ṣì bo òkè, ó dà bí ẹni pé ilé tiwa nìkan ló kù láyé. Ìyàwó mi kò sọ ohun pàtàkì kankan. Ó ní kí n sún, mo ń dí ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi ń falẹ̀, òun ló forúkọ wa sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ojú ń tì mí. Èmi ni mo kọ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ níwèé; n ò fẹ́ kí wọ́n rí mi láàárín àwọn aláìní.

"Tíṣà," ó ń rẹ́rìn-ín, "ebi kì í béèrè sátífíkéètì."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kọ orúkọ wa sínú fọ́ọ̀mù. Láti inú fọ́ọ̀mù yẹn ni káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́, ìrẹsì ìrànwọ́ àti owó àwọn arúgbó ti jáde, gbogbo rẹ̀ lórúkọ ìyàwó mi. Káàdì yẹn la fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi n'Íkàrẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ọjọ́ ń kọjá lára mi bí omi tí kò dún. Oògùn ìyá mi ti ku ti ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kíyè sí i. Ní ọsibítù, wọ́n ní àfi kí n lọ yí orúkọ orí káàdì padà ní ìjọba ìbílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló wà nídìí fọ́ọ̀mù.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan nílé yín?"

Mẹ́ta ti dé ẹnu mi. "Méjì."

"Ta ló ń dáná?"

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé oúnjẹ wá."

"Wọn ò sí nínú fọ́ọ̀mù, sà. Bí kò bá sẹ́ni tó ń dáná, ilé ẹlòmíràn ni màá kọ màmá sí o."



"Èmi ni," mo ní. "Láti òní lọ."

"Háà, Tíṣà! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rán wa lọ ra ẹ̀wà?"

Ó fẹ́ di ọwọ́ mi mú sórí yíǹkì. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo tẹ àtàńpàkò mi sórí ìwé àkọ́kọ́, ti káàdì, mo ṣí èkejì, ti ìrẹsì, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì ṣí ẹ̀kẹta.