Bí Òwú Màmá Ṣe Ṣí Géèmù Ilẹ̀ Japan fún Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Atakpamé ní Togo níbí, lọ́sẹ̀ tí fàkánsì, ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tán.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀nà Agbonou ni mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní mo fẹ́ ṣí ilé géèmù. Ìyàwó mi, Rísìkátù, télọ̀ ni. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Obìnrin yìí kó máṣíìnì rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi yàrá náà lé mi lọ́wọ́! Nígbà tí mo ti pariwo kiri ọjà pé Sátidé ni mo máa ṣílé, ohun kan ṣoṣo ló bá mi sọ: bí géèmù kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun máa gba yàrá òun padà. Ṣé ẹ lè bá a jà? Èmi ò lè bá a jà.

Ilé géèmù pọ̀ nílùú wa, eré bọ́ọ̀lù kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní ni mo fẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Japan, Láfíù lorúkọ rẹ̀. Ó ní géèmù tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún, owó pọ́ọ́kú, àti pé irú ẹ̀rọ géèmù tí mo ní kì í ṣe ojúsàájú: àwo géèmù orílẹ̀-èdè yòówù tí èèyàn bá ki bọ ẹnu rẹ̀, ó máa gbà á. Kò bèèrè fíísà! Inú mi dùn débi pé mi ò bi Láfíù ní ìbéèrè kankan. Páálí kan wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Lomé, mo lọ gbé e wálé. Eré ìjà wà níbẹ̀, eré mọ́tò, eré ẹja pípa, eré àgbẹ̀. Mo kàn ń wo àwòrán ara wọn, mo ń yọ̀.

Ọjọ́rú ni mo ki àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ gbà á! Orin dún, àwòrán yọ, mo pariwo "Alihamudulilahi!" Lẹ́yìn náà ni ìwé Japan kún ojú tẹlifíṣọ̀n, bí èèrà tó rí ṣúgà. Mo di mànẹ́ẹ̀tì tí a fi ń darí géèmù mú, mo tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì X, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ó dá mi padà síbi tí mo ti wá. Mo tún wọlé, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dá mi padà. Àwo kejì, bákan náà. Àwo kẹfà, bákan náà!

Ẹ máa ní, èyí tó rí róbótó ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù mọ̀ pé òun la fi ń sọ pé "rárá". Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé mìíràn tó kún fún èèrà ṣí, ẹ̀rù bà mí pé mo ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́, mo fa wáyà yọ. Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Mo ránṣẹ́ sí Músíò Kòjó, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ tíṣà. Ó na fóònù rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n kí fóònù lè túmọ̀ ìwé náà sí Faransé. Ohun tí fóònù kọ ni pé: "Ṣé kí ẹṣin gbàgbé ìyẹ̀fun àná?" Músíò Kòjó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní Faransé náà dára, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí nìkan ni òun ò mọ̀!

Ó di ọ̀sán Jímọ̀. Mo ti kírun dé, mo fọwọ́ lẹ́rán. Rísìkátù wá gbé àga ìránṣọ rẹ̀ wọlé, ó gbé e sí àyè tí máṣíìnì rẹ̀ máa ń wà. Ẹ̀yin èèyàn, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ìgbà náà ni ìyá ìyàwó mi ti ọjà dé. Òwú, abẹ́rẹ́ àti síìpù ni Màmá ń tà fáwọn télọ̀. Wọn ò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan rí. Èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn fún wọn, mo sì jẹ́wọ́ pé mo máa ń ṣe bí ọ̀gá díẹ̀ tí mo bá ń kà á.

Màmá jókòó, wọ́n ń wò mí. Mo wọlé, ó dá mi padà. Mo wọlé, ó dá mi padà. Wọ́n bi mí pé àmì wo ló wà lára èyí tí mò ń tẹ̀. Mo fi X hàn wọ́n. Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín!

"Bàbá Sàdíà, ta ní ń fa irú èyí sára ohun tó fẹ́? Tí Rísìkátù bá fi ṣọ́ọ̀kì fà á sára aṣọ, ṣebí apá tó bàjẹ́, tí wọ́n máa gé dànù ni? Ẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ ò fẹ́. Ó sì ń gbọ́ yín!"

Mo rọra dáhùn pé géèmù kì í ṣe aṣọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n kí n tẹ róbótó yẹn wò ná. Mo ṣe bisimilahi, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé ṣí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìró mọ́tò bú jáde, Rísìkátù sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn!

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Láfíù lórí wátsáàpù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni o, nínú àwọn géèmù ọ̀hún, róbótó ni bẹ́ẹ̀ ni, X ni rárá. Àní nílé ìwé wọn, róbótó ni tíṣà ń yí sára ohun tí ọmọ bá gbà. Ó rò pé mo mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. Nínú gbogbo ìlà tó wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, èwo ni ká yàn? Àwọn oníbàárà mi kò sáà lè máa méfò. Màmá ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ṣé ẹ rí i, tí télọ̀ bá bẹ Màmá pé kí wọ́n bá òun ra òwú wá, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa gé òwú tó ní àwọ̀ yẹn, wọ́n á ta kókó iye tí ẹni náà fẹ́ sí i, wọ́n á fi kọ́ ara ògiri ìsọ̀. Wọn ò ṣì í fún ẹnikẹ́ni rí.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe géèmù. Èmi ń tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò títí a ó fi rí èyí tó ń gbé eré lọ síwájú, Màmá ń ṣọ́ ọ. Tí a bá ti rí ìlà tó tọ́, tí ó bá jẹ́ ìkẹta, wọ́n á ta kókó mẹ́ta. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀, ó di ojú ewé tó kàn. Kó tó di àkókò ìrun mọ̀gáríbì, òwú ti wà lára ike tí àwo kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Rísìkátù wá, ó gbé àga rẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò rí èrò! Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àní àwọn kan wá láti Anié. Kálukú á tú òwú, á fi àtàǹpàkò wá kókó, á máa kà á sókè: mẹ́ta, róbótó; ọ̀kan, róbótó. Ẹnikẹ́ni kò wo ìwé Japan mọ́. Músíò Kòjó, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, dọ̀bálẹ̀ fún Màmá pé kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ta kókó náà!

Nígbà tí èrò dínkù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo sì bèèrè bí ìwé yẹn kò ṣe dẹ́rù bà wọ́n rárá. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìwé wo ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí èyí ṣe rí lójú yín láti Ọjọ́rú ni gbogbo ìwé ṣe rí lójú mi látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo sì ń lọ, mo sì ń bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni èmi lò nínú ayé tí Màmá ti gbé láti kékeré, tí wọ́n ti tajà, tí wọ́n ti tọ́mọ, mo sì fẹ́ máa sunkún! Ojú tì mí, orí mi sì wú pé irú èèyàn báyìí ló bí ìyàwó mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra géèmù láti òkèèrè, ẹ bèèrè èdè tó wà nínú rẹ̀ àti bọ́tìnnì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tèmi ju ìyẹn lọ: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ọgbọ́n náà kò sì fi dandan wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹni tí kò kàwé tó ti là yín lójú rí? Ẹ kọ ìtàn tiyín sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ fi ẹnu ara yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, torí pé òun kò ní lè ka èyí tí ẹ bá kọ.